Bàtà Oko Kì Í Dé Ọsibítù

Aṣòfíntótó ni mí láti kékeré. Bí àlejò bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà wa ní Kàbbà, màá gbé e sókè, màá wo ibi tó ti jẹ. Ìyá mi á ní ojú mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Bóyá ohun tó gbé mi dé London nìyẹn, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nílé wa ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Mo ní ìpínlẹ̀ tuntun á ṣáà nílò èèyàn. Ní Lókójà, akọ̀wé kan yẹ ìwé ńlá wò láti òkè délẹ̀.

"Dókítà eyín wà níbí. Ti ojú wà. Ti ẹsẹ̀ ò sí." Ó wò mí tàánútàánú. "Àbí èékánná lo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé?"

Inú bí mi débi pé mi ò dágbére kí n tó jáde.

Mo padà sí Kàbbà, mo lọ bá ọ̀gá dókítà ilé ìwòsàn kan. Òun ò fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò gbà mí síṣẹ́. Ó ní bàbá àgbẹ̀ kan ń wá láti Iyamoye ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àtọ̀gbẹ ń bá a jà, egbò kan sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná.

"Sọ ìdí rẹ̀ fún mi, màá kọ lẹ́tà sí Lókójà nítorí ẹ. Bí o ò bá rí i sọ, tètè padà sí London."

Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ rárá.

Bàbá náà dé lọ́jọ́ Ẹtì. "Okun o, ọmọ mi," ló fi kí mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò sì dìde mọ́, ibẹ̀ ni mo ti gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ti fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó ti fi òrí pa á títí ó fi ń dán. Egbò náà kéré, ó yí roboto, ó sì jìn. Mo gbé bàtà dúdú tó bọ́ sílẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i padà. Ìdí rẹ̀ ò tíì jẹ rárá.

"Bàbá, bàtà yìí ò mọ̀ yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ta ló ń wọ bàtà oko wá bá dókítà?"

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹnì kan ti wọ bàtà oko wá síbẹ̀ rí. Ó ní láéláé, ẹni tí ò bá ní èyí tó dáa á yá ti ẹlòmíì. Mo wá rí i pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dè wá la ti ń wò látijọ́ yìí. Ó wù mí kí n rí èyí tó ń lọ oko.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iyamoye. Báńdéèjì tí a wé fún bàbá lánàá ti wà lórí okùn aṣọ. Ó ní ó ti mọ́ jù láti wọ oko, òun á tún un wé bí ọsibítù bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì bà jẹ́. Ojú tì í kó tó mú bàtà oko wá láti ẹ̀yìn ilé: táyà ni wọ́n fi gé e, ìṣó ni wọ́n fi kan okùn rẹ̀. Mo rọra ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìṣó kan ti yọrí, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ìṣó."

Kí n tó dá a dúró, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ti dìde dúró lórí rẹ̀. Ojú mi ló ń wò.

"Ṣé ó ti kàn mí?"

Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. "Ó ti wọlé, Bàbá," ni mo wí. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo bọ́ bàtà náà, mo sì tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé bàtà náà sórí tábìlì ọ̀gá dókítà, mo sì ṣàlàyé ibi tí mo ti rí i. Ó fi ìka kan ìṣó náà, ó fa ọwọ́ yọ kíá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Kí ló dé? Ṣé kò dun bàbá yẹn ni?"

"Èmi ló bi léèrè bóyá ó ti kan òun, sà."

Ó fa ìwé kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí Lókójà.