Àwọn Tí Ìyá Agbálẹ̀ Ń Kí

Mo rántí ọyẹ́ kan tí òórùn òjò àkọ́rọ̀ gba yàrá iṣẹ́ wa ní Wuse, nígbà tí a kò tíì fojú kan òjò láti bí oṣù mẹ́ta. Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé lílé tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò nígboro Àbújá ni. Koríko inú òkun la ń tọ́jú níbẹ̀, ní ìlú tí kò mọ òkun rí. Ọ̀gá wa, obìnrin Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ló fi kẹ́ẹ̀gì gbé e wá pẹ̀lú omi iyọ̀ rẹ̀, torí àrùn tó ń pa á mọ́ àwọn tó ń gbìn ín létí òkun lọ́wọ́. Olú wínníwínní kan ni àrùn náà, funfun bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Abọ́ mẹ́ta péré ló kù tí koríko inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọ̀gá ní bí wọ́n bá kú, a ó ti yàrá náà pa, kí n di ẹrù mi. Èmi tí mo ti fọ́nnu ká gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ pé Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí koríko náà ni ọ̀gá ti rí ìrètí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé inú rẹ̀ tí wọ́n ń fi olú yẹn ṣe oúnjẹ. Wọn ò léyín. Omi kan ni wọ́n ń tú jáde lára, ẹ́ńsáìmù ni ọ̀gá ń pè é, tó ń yọ́ awọ olú náà títí yóò fi di omi. A ń sìn wọ́n nínú àwo kéékèèké, a ń fi ewé koríko tí olú ti bò bọ́ wọn, a sì ń bù díẹ̀ sínú abọ́ mẹ́ta náà láràárọ̀.

Ìyá agbálẹ̀ wa, ará Ìlọrin, bi mí pé kí ló wà nínú àwo. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, mà. Wọn kì í sùn." Láti ọjọ́ náà, kó tó wọlé láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Á dákẹ́ díẹ̀. Á wá ní, "Yauwa," bí Hausa ti ń ṣe bí wọ́n bá dá wọn lóhùn, á sì wọlé. Mo bi í pé ta ló dá a lóhùn. Ó ní, "Mo gbọ́ wọn." Èmi náà tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní Galadimawa, mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa àwọn tí a jọ ń gbé lẹ́rìn-ín.

Òórùn òjò inú yàrá náà, bíi ti ilẹ̀ tútù, ló ń dà mí láàmú. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo gbà pé ìdọ̀tí ni, pé àwọn àwo ti bàjẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọ̀gá rìnrìn àjò, mo ní kí ìyá da gbogbo rẹ̀ nù, kó fi oògùn apakòkòrò fọ̀ wọ́n. Ó ní, "Ṣé o ti bi ọ̀gá?" Mo ní kó máa fọ àwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó kí wọn. Ó dúró. Kò wọlé. "Wọn ò dá mi lóhùn," ló wí jẹ́jẹ́. Mo sáré lọ wo abọ́ mẹ́ta náà. Funfun ti bo méjì, koríko inú wọn ti rà. Ó ti ń gun ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ló yé mi pé àwọn òṣìṣẹ́ wa ni mo pa. Omi bọ́ lójú mi.

Ìyá ní, "Òórùn wọn ni mo ń gbọ́, ọmọ mi. Ohùn lo rò?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún bọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ síǹkì, ó fa àwo kan jáde tó fi ọ̀rá dì, tó tún fi àkísà bò. Ó ní òun ò lè fọ èyí, torí ewé kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì ṣe tán, a kì í sì í lé òṣìṣẹ́ nídìí iṣẹ́ tí kò parí. Mo rántí ewé yẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó funfun bí òwú. Nísinsìnyí ó mọ́ tónítóní, kò ku fọ́nrán kan, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án nínú òkùnkùn abẹ́ síǹkì náà. Òórùn òjò kọ lù mí nímú. Orí mi tún wú. Lọ́tẹ̀ yìí n kò rẹ́rìn-ín.

Inú àwo yẹn la ti bù sínú abọ́ kẹta. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo funfun náà bó ti ń sá sẹ́yìn, láìsí ariwo, láìsí ọwọ́, títí abọ́ náà fi mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Kò lé mi. Ó ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi fojú ara mi rí àkísà náà.

Life Camp, ní Àbújá níbẹ̀ náà, ni mò ń gbé báyìí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn, òórùn àwọn òṣìṣẹ́ wa á kọ lù mí, torí irú wọn wà nínú ilẹ̀, mo sì máa ń kí ilẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ, á fi òyìnbó bi mí pé ta ni mò ń kí. Mo máa ń ní kí wọ́n gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀, bí èmi náà ti ṣe.