Ihò Tí Bùsàrí Gbẹ́ Fẹ̀

Ohùn ni Bùsàrí, mẹkáníìkì ìlú Sẹ́kọ́nà, fi ń mọ ẹ́ńjìnnì tó dáa. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tó bú ramúramù, iṣẹ́ parí. Lọ́rì tí ìyàwó rẹ̀, Àwáwù, fi ń kó ẹ̀gẹ́ kò ṣe nǹkan kan o. Ta ló rán an níṣẹ́? Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó fi fáìlì irin ha ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé títí ó fi fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí agbára lè pọ̀ sí i. Ó fún un níná, ọkọ̀ bú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hó yèè.

Àfi ìgbà tí òun àti Àwáwù di ẹ̀gẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkè Alajue. Ọkọ̀ mí hẹlẹ, ó kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí lábẹ́ ẹrù, atẹ́gùn kì í lè sáré gba inú ihò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń wọ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lágbára tó lè fi gun òkè. Irin tí Bùsàrí ti ha dànù kò sì ṣeé dá padà.

Bùsàrí tún tan án, ó fún un níná. Ó bú ramúramù, àmọ́ kò kúrò lójú kan.

“Bàbá Fàdìlàt, ohùn rẹ̀ mà dùn o,” ni Àwáwù wí jẹ́jẹ́. Ó ká ìborùn rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan rù, ó sì kọjú sí òkè náà. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń bú lẹ́yìn rẹ̀.