Alápàándẹ̀dẹ̀ Tí Mo Rí Nínú Àdúrà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, mo la ojú sílẹ̀ nínú àdúrà. Àkókò yẹn dá mi lójú, torí pé aago wà lọ́wọ́ mi.

Aládùúrà ni wá. Kí màmá mi tó lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé, ó máa ń mú mi lọ sétí adágún inú páàkì, nítòsí ilé wa ní Dagenham East, nílùú òyìnbó. A ó bọ́ bàtà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbí mọ bí koríko tútù ṣe ń ta ni lẹ́sẹ̀, tí òtútù ń gba abẹ́ sùtánà wọlé. Ọkàn mi kì í sábà sí lọ́run. Ọ̀dọ̀ àkàrà inú báàgì ló máa ń wà. Ẹni tó bá lajú nínú àdúrà, ìkúnlẹ̀ ń dúró dè é nílé.

Alápàándẹ̀dẹ̀ ni mo rí, ó ń fò lórí omi. Bàbá òyìnbó tó ń tọ́jú páàkì ní pátákó kan: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹyẹ yìí lọ́dún, nígbà tó bá padà dé lẹ́yìn òtútù, orúkọ rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ọdún méjì ni mo ti ń wá ipò yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn àdúrà, mo sọ fún un níwájú pátákó rẹ̀. Bàbá náà béèrè àkókò, lẹ́yìn náà ó béèrè ẹlẹ́rìí.

Màmá mi yíjú sí mi. "Bùnmi! Kí là ń ṣe ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

"Àdúrà, mà."

"Ojú àdúrà lo fi ń wo ẹyẹ? O káre, akọ̀wé ẹyẹ."

Bàbá náà ti ń dá ṣọ́ọ̀kì padà sápò. Màmá mi wo pátákó, ó húkọ́. Ó wá sọ fún un lédè òyìnbó pé méjì ni òun rí, èyí tó tẹ̀lé e fi ìyẹ́ kan omi.

Orúkọ àwa méjèèjì ló kọ. Nígbà tí a délé, màmá mi ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lóde òní, kò sí pátákó mọ́. Fóònù ló ń gba ìròyìn ẹyẹ, àwòrán sì ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn ẹyẹ náà ti ń bọ̀. Mi ò bá wọn rìn, mi ò lè jẹ́rìí. Orí bẹ́ǹṣì ni èmi àti màmá mi ti ń gbàdúrà báyìí, nítorí orúnkún rẹ̀, a kì í sì dijú mọ́. Ó ní Bíbélì ló ní ká máa ṣọ́nà, ká sì máa gbàdúrà. Ní Sátidé tó kọjá, ó ní alápàándẹ̀dẹ̀ márùn-ún ló kọjá.

Mẹ́rin ni mo rí.