Ìwé Tí Kò Mọ̀ Ju Bẹ́ẹ̀ Ni àti Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Baba onílé mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ kì í sọ pé nǹkan òun bàjẹ́. Bí ẹsẹ̀ àga bá yẹ̀ nílé rẹ̀, á ní àga náà ń sinmi ni. Bí òrùlé bá ń jò, á ní òjò ọdún yẹn ló le. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ilé rẹ̀, n kò sì gbọ́ kó sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" nípa ohun tó jẹ́ tirẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ.

Àsìkò ìjọba ológun ni, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo wà, tí ọ̀gá wa ní kọlẹ́ẹ̀jì máa ń pè wá ní kámárádì bó bá fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wa. Apá Pobè ni wọ́n ti gbé mi wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mẹ́tìrì ni Baba ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé ló fi kọ̀ǹpútà kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, ó rí bíi pátákó tí wọ́n to bọ́tìnì sí. Kò ní ojú tirẹ̀. Tẹlifíṣàn ni wọ́n ń so ó mọ́ kí ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ tó lè hàn. Èmi kò ní tẹlifíṣàn. Baba ní.

Inú àpótí onílẹ̀kùn kan ni tẹlifíṣàn náà wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Baba. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fẹ́ lo ẹ̀rọ mi, èmi á mú okùn rẹ̀ fún un, òun á na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí, á tì í bọ ihò.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, ìyàwó Baba ti kó lọ sọ́dọ̀ baba rẹ̀ ní Okpara. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òjò ló rọ̀ sínú èlùbọ́ rẹ̀ láti ojú ihò òrùlé tí Baba ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé òun ti dí. Obìnrin náà gbé èyí tó kù nínú èlùbọ́ rù, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun bá mọ̀ pé ilé òun ń jò ni kó ránṣẹ́ sí òun. Baba kò ránṣẹ́. Àna rẹ̀ ló ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá fojú ara òun wo ilé náà, kí òun tó mọ̀ bóyá ọmọ òun á padà síbẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni Baba ṣe wá bá mi. Kò mẹ́nu kan òrùlé. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ mi kí àna òun. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ẹ kú àbọ̀, Baba", kó máa jáde léraléra títí tí ojú tẹlifíṣàn á fi kún. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jáde dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba ṣílẹ̀kùn àpótí, ó nu tẹlifíṣàn rẹ̀ tiwájú tẹ̀yìn nítorí àlejò. A tan án. Ohun tó jáde kò ju bí ìgbà tí ènìyàn ń ku iyanrìn lọ.

Mo mú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ilé kéékèèké sí, tí ọfà so wọ́n pọ̀, ìbéèrè kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọfà á mú ọ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á yà ọ́ sápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí wàá ṣe. Mo ń tú u láti èdè Faransé, Baba ń dáhùn, nítorí ó ní òun tóun ni tẹlifíṣàn lóun á jẹ́jọ́ rẹ̀.

Mo ní ìwé béèrè bóyá iná dé ara àwọn méjèèjì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ sì ni. Mo ní ó béèrè bóyá okùn wọ ihò rẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣàn. Baba na ọwọ́ díẹ̀ sẹ́yìn àpótí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé a ti yí tẹlifíṣàn sí ìkànnì tó yẹ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ìkẹyìn ní ká pa gbogbo rẹ̀, ká sinmi díẹ̀, ká padà sí ilé àkọ́kọ́. A pa á, a sinmi, a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la yípo. Kò sí ohun tó gbé wa dé apá ọ̀tún ìwé náà.

Mo ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo ẹ̀yìn rẹ̀."

"Mẹ́tìrì, nínú ìwọ àti ìwé yẹn, èwo ló bá mi ra tẹlifíṣàn?"

Mo padà sí ilé àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ la wà tí àna fi wọlé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, bí àna bá dé, ọkọ ọmọ kì í tẹríba lásán. Àyà rẹ̀ ni yóò kan ilẹ̀, kì í sì í dìde títí wọn á fi ní kó dìde. Baba na gbalaja síwájú àpótí. Àna kò ní kó dìde. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo iyanrìn inú tẹlifíṣàn, ó wá bi mí ní iṣẹ́ tí à ń ṣe. Mo ní ìwé ló ń béèrè, Baba ló ń dáhùn. Ó ní ibo la dé. Mo ní a dé ibi okùn.

Ó wolẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi, o gbọ́ ohun tí ìwé béèrè. Ṣé okùn wà nínú ihò rẹ̀?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baba wà lórí símẹ́ǹtì, ojú rẹ̀ sì kọ abẹ́ àpótí gan-an, níbi tí ẹnì kankan kò tíì wò láti àárọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, Baba. Ó wà nílẹ̀ níhìn-ín."

Mo fi ìka tọ ọfà lọ sápá ọ̀tún. Ìwé ní ká tì í bọ̀ ọ́. Àna kò dúró de ìwé.

"Òrùlé ńkọ́?"

"Ó ń jò."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òjò àkọ́kọ́, Baba."

Ìgbà yẹn ló tó ní kó dìde. Baba gbọn àyà aṣọ rẹ̀, ó mú okùn lábẹ́ àpótí, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì sún sẹ́yìn. Èmi ni mo tì í bọ ihò. "Ẹ kú àbọ̀, Baba" kún ojú tẹlifíṣàn láti òkè délẹ̀. Àna kò mọ̀wé, ó bi mí ní ohun tó ń wí. Mo sọ fún un. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀rọ náà pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òun ti dé.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni obìnrin náà padà, èlùbọ́ tuntun lórí rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ lókè àjà pẹ̀lú òòlù. Kò sọ ẹrù kalẹ̀. Ó bi í láti ìsàlẹ̀ bóyá ó ti dí gbogbo rẹ̀ tán.

Baba ní, "Ó ku ihò kan."

Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ wọlé.