Ọjọ́ Tí Mùsíọ̀ Gastọ́n Kọ Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Abẹ́ sítíárìn ni mo ká ara mi jọ sí bí ológbò tó jí ẹja, nígbà tí ìyàwó mi fi ìdí ìkòkò kan gíláàsì mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá mọ bí mo ṣe ga tó, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo ṣe ní Chicago, kì í ṣe ti takisí o. Mọ́tò dúdú gígùn ni tiwa, èyí tí wọ́n fi ń gbé àwọn èèyàn pàtàkì láti pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń pín iṣẹ́ fún wa lórí fóònù, là ń pè ní dispatch. Dónì ni tiwa, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Mi ò ka ìwé kọjá pírámárì fáìfù, ṣùgbọ́n mo mọ títì láti Joliet dé Aurora débi pé bí mo bá sùn lọ, mọ́tò á wa ara rẹ̀ délé.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ìyàwó mi, Sìdíkátù, ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan láàárín ìlú. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ èèyàn méjì ni wọ́n ń gbé fún ẹnì kan. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń yípo níwájú òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń lu ìkòkò. Ìlà tí wọ́n tò yẹn là ń pè ní picket. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá wọlé ti di ọ̀tá wọn. Sìdí ti kìlọ̀ fún mi nídìí oúnjẹ.

"Bàbá Kúdí, tí mo bá gbọ́ pé ẹ gbé èrò wọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn, mọ́tò yín lẹ máa bá sùn. Kó máa se ọbẹ̀ fún yín."

Mo ní, "Ṣé èmi náà ni?"

"Ẹ̀yin náà ni. Mo mọ̀ yín."

Mo fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ ó wọ̀ mí lára. Sìdí kì í halẹ̀ lásán. Nígbà tí mo ta àga ìyá rẹ̀ láìsọ fún un, oṣù mẹ́ta ló fi ń rán Kúdí ọmọ wa sí mi, nínú yàrá kan náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Dónì fi pè. Ó ní òṣèlú àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, kí n gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Òtẹ́ẹ̀lì àwọn Sìdí gan-an ló dárúkọ.

Mo ní, "Gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ìwọ nìkan ló wà nílẹ̀. Tí o kò bá lọ, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Oṣù méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo wá rántí pé òtẹ́ẹ̀lì náà ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń kó ìdọ̀tí jáde. Mo ní ibẹ̀ ni màá gbà, Sìdí kò ní mọ̀.

Mo gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ àlejò sí dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Bàbá kúkúrú kan yọ, irunmú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Mùsíọ̀ Gastọ́n nìyẹn, bí àwọn Faransé ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, ó tì í pa, ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ẹ̀yìn wà fún ẹrù. Wàràkàṣì kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó ń rùn débi pé àwọn mọ́tò yà fún wa lójú títì. Èmi tí mo jẹ irú dàgbà, omi bọ́ lójú mi.

Kí a tó dé àárín ìlú, ó ti ro gbogbo ayé rẹ̀ fún mi. Òṣèlú apá òsì ni, ìyẹn àwọn tó ń gbèjà òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ reluwé ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń fi òòlù kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti mọ irin tó ti sán. Ó ní etí òun mú débi pé bí òun ṣe ń gbọ́ irin tó sán, bẹ́ẹ̀ lòun ń gbọ́ irọ́ lẹ́nu mínísítà. Wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n tún fi í ṣe olórí ìlú. Lọ́jọ́ tó gba ipò náà, kẹ̀kẹ́ ló gùn lọ sọ́fíìsì, ṣéènì já, ni àwọn aráàlú bá gbé òun àti kẹ̀kẹ́ sórí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ kún un, ẹ foríjì mí. Nígbà tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sọ̀rọ̀ títí alága fi sùn, ó jí, ó lọ jẹun, ó padà wá bá a lórí kókó kìíní.

"Kí ló wá mú yín kúrò níbẹ̀?" mo bi í.

Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kan."

Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ reluwé daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tóun bá ṣiṣẹ́ rí gan-an. Òun sì ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn ẹni ńlá ní Paris. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ṣí ẹ̀yìn fún un, ó yọ́ wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ṣì ń lọ. Ìyá kan tó ń ta òdòdó nìkan ló rí i.

"Kí n tó dé Paris, gbogbo ìlú ti gbọ́. Wọ́n fìbò lé mi dànù ládùúgbò mi. Ìyàwó mi pàápàá, mi ò tíì bi í títí dòní pé ta ló dìbò fún. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí n tó padà sípò. Gbogbo ilé tí mo lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n gbà wọlé."

Nígbà yẹn, a ti wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ó wo àwọn garawa ìdọ̀tí, ó wò mí.

"Ariwo kí ni mò ń gbọ́ níwájú?"

"Wọ́n ń se oúnjẹ ni, sà."

Ó dẹtí. "Irin yìí ti sán," ó ní.

Ni mo bá jẹ́wọ́, àti ti Sìdí, àti ti Dónì. Ó rẹ́rìn-ín títí irunmú rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Yí mọ́tò padà. Iwájú la ó gbà."

"Ìyàwó mi á rí mi."

"Kó rí ọ."

Bí a ṣe yọ síwájú ni mo rí Sìdí tó ń bọ̀. Mo dá mọ́tò dúró, mo wọ abẹ́ sítíárìn. Ó kan gíláàsì.

"Bàbá Kúdí, ẹ dìde. Mò ń rí fìlà yín."

Mo dìde. "Sìdí, mi ò tíì wọbẹ̀."

"Tíì kẹ̀?"

Kí n tó wá irọ́ míì, Mùsíọ̀ Gastọ́n ti bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà fún àwọn obìnrin náà. "Dírẹ́bà mi ló ní kí n wá kí yín. Mi ò ní sùn nílé yìí." Ó ṣẹ́jú sí mi. Irin tiẹ̀ náà sán díẹ̀. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí lù ú bí ẹni tó ń wá irin tó sán.

Dónì pè. "Èrò rẹ dà?"

"Ó ń lu ìkòkò."

"Mú un wọlé, àbí kí n gba mọ́tò mi."

Mo wo Sìdí, ó ń wò mí. "Wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, Dónì. Iwájú òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, gbogbo ayé ń rí mi."

Sìdí na ọmọrí ìkòkò sí mi. Nígbà tó yá ló ní, "Ẹ lù ú dáadáa, kì í ṣe ẹyin lẹ̀ ń fọ́."

Ilé Kúdí, ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Olympia Fields, ni àlejò náà sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Gáréèjì ni wàràkàṣì rẹ̀ sùn. Kò pẹ́ tí òtẹ́ẹ̀lì fi gbà fún àwọn Sìdí, èèyàn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì báyìí. Dónì pè mí pé kí n padà, mo ní mo ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi parí síbi tó dára.

Lọ́dọọdún ni Mùsíọ̀ Gastọ́n ń fi wàràkàṣì ránṣẹ́ sí wa. Òórùn rẹ̀ máa ń ti ẹni tó ń pín lẹ́tà lójú, ẹ̀yìnkùlé ló ń yọ́ gbé e gbà. Sìdí á sì yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ọ̀gá, ẹ yí padà. Nílé yìí, iwájú là ń gbà."