Ewé Tí Sìdí Máa Ń Já

Mo ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ yìí nígbà tí ìkòkò tí mo gbé kaná fún ìyá mi hó. Òórùn efinrin àti dóńgóyárò gba gbogbo ilé. Ó jọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Inú bí mi débi tí mo fi da ẹ̀wà àti òkúta pọ̀ padà sínú abọ́ kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa ń da oògùn ara ríro sẹ́nu tẹ́ ẹ sì fi omi tútù lé e, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa l'Ọ̀yọ́, nígbà tí mo wà nílé ìwé girama. Aṣọ ni ìyá mi ń tà l'Ọjà Akẹ̀sán. Bí òjò bá pa wọ́n, orúnkún wọn á ti wú kí wọ́n tó délé. Ìyá àgbà, tí wọ́n bí bàbá mi, á ti gbé ìkòkò amọ̀ kaná dè wọ́n. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí, ìkòkò á wà níwájú wọn, a ó fi aṣọ òfì gbígbó bo àwọn àti ìkòkò pọ̀. Ìyá àgbà á wí pé "Bísímílà", wọ́n á na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, wọ́n á ṣí ọmọrí. Bí ooru bá ti rọlẹ̀, a ó da omi náà sínú bàsíà, ìyá mi á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí tí yóò fi tutù.

Àwa ọmọ náà kì í bọ́ níbẹ̀ bí òtútù bá mú wa. Bùọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n mi, máa ń ké lábẹ́ aṣọ pé, "Ìyá, mo ti jinná o!" Ìyá àgbà á ní, "O ò tíì rọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń kó ewé náà jọ ló di wàhálà sí mi lọ́rùn lónìí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ewé tirẹ̀. Èmi ni mo ni efinrin ẹ̀yìn balùwẹ̀, Bùọ̀dá Ràfíù ló ni dóńgóyárò. Sìdí, ẹgbẹ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló ni ẹ̀kẹta, èyí tó ń já létí odò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ti ẹlòmíràn. Ìyá àgbà ní bí ẹnì kan bá mọ gbogbo rẹ̀, kò ní í wá àwọn yòókù mọ́.

Mo tẹ̀ lé Sìdí lọ́jọ́ kan. Ó yíjú padà, ó gbọ́n omi sí mi lójú: "Olófòófó! Lọ já efinrin ẹ." Kó tó délé, ó ti fi ọwọ́ ra ewé náà, ó ti dì í sínú ìborùn. Òórùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ó kan díẹ̀ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Mo fẹjọ́ sùn. Èmi ni wọ́n bá wí.

Sìdí lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá àgbà kú. Nígbà tí orúnkún ìyá mi kò gbọ́ oògùn ọsibítù mọ́, mo wọkọ̀ lọ bá Sìdí. Ẹ̀rùn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ta ní ń rí i lójú ọ̀gbẹlẹ̀? Bí mo bá sì dárúkọ ẹ̀ fún ẹ, o ò ní í wá mọ́. Jẹ́ kí òjò rọ̀, màá mú ẹ débẹ̀."

Nígbà tí òjò rọ̀, Sìdí ti kú; fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni mo bá lọ. Ọmọ rẹ̀ mú mi dé ibi tó ti máa ń já a nílùú wọn níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀.

Ìyá àgbà gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ro ti ikú mọ́ ọn. Mo ti fi ewé ọsàn wẹ́wẹ́ dípò rẹ̀, mo ti fi koríko ọba. Ìyá mi á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní, "Kì í ṣe èyí," wọn ò sì ní í gbà kí n bo àwọn. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí.

Gáàsì ló ń se é lónìí, ìkòkò ti di ti irin, aṣọ òfì yẹn nìkan ló kù. Ó sú mi láti máa wá arọ́pò. Mo gbé efinrin àti dóńgóyárò nìkan síwájú wọn, mo bò wọ́n kí wọ́n tó ráyè sọ̀rọ̀, mo wí pé "Bísímílà", mo ṣí ọmọrí. Ẹ̀rù bà mí pé ooru lè pọ̀ jù, mo ká etí aṣọ sókè. Òógùn ti bo ojú wọn, wọ́n dijú, wọ́n ń mí ooru náà sínú.

"Ó ku ti Sìdí níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Bò mí padà, ooru ń lọ."