Ẹni Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí ní Angkor

Òórùn ìgbẹ́ àdán ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Angkor, ìlú àwọn ilé ìsìn àtijọ́ ní Cambodia. Àwọn tó ń polówó ibẹ̀ kì í sọ ìyẹn. Wọ́n á fi ilé òkúta gogoro àti òjìji rẹ̀ nínú omi hàn ọ́, wọn ò ní sọ pé bí o bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, òórùn kíkan kan á gbá ọ nímú, òun àti èéfín tùràrí àti ọ̀rinrin òkúta tí òjò ti ń pa láti ayébáyé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo fi ọwọ́ bo imú, Mọ́mì sì gbá ọwọ́ náà kúrò. Ó ní ilé onílé la wà, a kì í bomú nílé onílé.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Calgary mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, àwọn òbí wa kì í lọ irú ibẹ̀. Bí ìsinmi bá dé, Nàìjíríà là ń lọ, tàbí ká jókòó sílé. Èmi àti Mọ́mì nìkan ló ń gbé nínú basement kan lábẹ́ ilé onílé ní Forest Lawn; Dádì ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ń dúró de ìwé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, Àǹtí Sophea, ọmọ Khmer, ará Cambodia tí wọ́n gbé wá sí Kánádà láti ibùdó àwọn tógun lé kúrò nílé, fẹ́ lọ wo ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ní ká sin òun lọ. Gbogbo ènìyàn ló bi Mọ́mì pé kí ló ń wá láàárín òkúta àti ère. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni, ẹsẹ̀ òun ló máa gbé òun lọ. Fún èmi, ó ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn. Àwọn obìnrin tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri níbẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò lè kà wọ́n, wọ́n dúró lọ́kọ̀ọ̀kan àti ní méjì-méjì, òdòdó lọ́wọ́, ẹ̀gbà lọ́rùn, irun wọn ò sì jọra. Irun yẹn ni Mọ́mì dúró sí. Á tẹjú mọ́ ọ̀kan, á ní èyí á gba odidi ọjọ́ kan, á bọ́ sí òmíràn, á ní ta ló jókòó fún wàhálà yìí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi orí mi gbìyànjú ọ̀kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kò jọ ọ́ rárá. Àǹtí Sophea rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní tèmi, ilé ìsìn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bayon ló mú mi. Mo ti rò pé ọba àti ogun nìkan ni wọ́n máa ń gbẹ́ sára òkúta. Ogun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ògiri, níbi tí ojú ọmọdé ti tó o dáadáa, mo rí obìnrin tó ń ta ẹja, àwọn ọkùnrin tó kó àkùkọ jà, ẹnì kan tó ń yan nǹkan lórí iná, àti obìnrin kan tó ń yọ iná orí fún ẹnì kejì. Mo bi Àǹtí Sophea bóyá ìjòyè ni wọ́n. Ó ní rárá o, ará àdúgbò ni wọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mi ò fẹ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ère ni kò lórí mọ́. Àwọn olè ló gé orí wọn tà sókè òkun, Àǹtí Sophea ló sọ bẹ́ẹ̀, inú sì bí mi bí ẹni pé ará ilé mi ni wọ́n ṣe é fún.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo ṣe ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Mo ṣíwájú wọn wọ yàrá òkúta kékeré kan. Ère kan tí kò lórí wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ìyeyè wé e. Nídìí rẹ̀, màmá arúgbó kan jókòó lórí ẹní, aṣọ funfun lára, orí fífá, ó dákẹ́ débi pé mo rò pé òkúta lòun náà títí ó fi wúkọ́. Díẹ̀ ló kù kí n tẹ ẹní rẹ̀ mọ́lẹ̀. Eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú rárá, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó rẹ́rìn-ín, eyín ò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, mo bó o, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àǹtí Sophea ti wà lẹ́yìn mi, ó ti ya fọ́tò.

Mọ́mì ló kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Mummy Tólú ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Mummy Tólú ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa, ní Chestermere ló ń gbé. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí Mọ́mì bá wà níbi iṣẹ́, òun ló ń mú mi ní school, òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Ó ṣe wá lóore, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sáré wọlé láì kúnlẹ̀ kí i, á ní kí n padà síta sínú snow, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n tẹ aago, kí n tún un wọ̀. Á ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Sátidé kan lẹ́yìn tí a dé, àwọn obìnrin pàdé nílé rẹ̀. Mọ́mì yọ fóònù, inú rẹ̀ ń dùn. Nínú gbogbo fọ́tò wa, ti ìkúnlẹ̀ yẹn ló yàn láti fi hàn wọ́n, pé kí wọ́n wo ọmọ òun, ó dé ìlú onílùú, kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, ara mi sì bo màmá arúgbó náà pátá. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ kan lórí eékún níwájú ère.

Inú basement ilé Mummy Tólú ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Mọ́mì ló ní kí wọ́n pè mí, pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

"Mojí, ta lò ń kúnlẹ̀ fún níbí?" Mummy Tólú na fóònù sí mi.

"Grandma kan ni, ma. She was right there. Ara mi ló bò ó."

"Èmi ò rí grandma kankan o. Ère ni mo rí. Ṣé wọ́n fún ẹ ní nǹkan jẹ níbẹ̀?"

"Banana, ma."

"O jẹ ẹ́?"

"Yes, ma. It was sweet."

Ẹnì kan pe orúkọ Jésù. Mummy Tólú ò pariwo. Ó rọra ṣàlàyé pé ní Sunday, mo máa jáde síwájú ìjọ, mo máa sọ pé sorry, wọ́n á gbàdúrà fún mi, ó parí. Mo bi í pé sorry fún kí ni. Ó ní fún ohun tí mo kúnlẹ̀ fún. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

"Mummy, if I don't kneel for you, ẹ máa ń ní kí n padà síta. In the snow. Ẹ ò sọ fún mi rí pé kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn yín."

Nínú mọ́tò, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Mọ́mì bẹ̀ mí. "Mojí, ẹnu lásán ni. Sọ ọ́, kó tán. Ta ló máa mú ẹ ní school tí mo bá wà ní shift?" Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. A ò ní ẹlòmíràn ní gbogbo Calgary. Mo ní òun ló kọ́ mi pé irọ́ ò dáa, mo sì yíjú sí fèrèsé.

Ní Sunday, wọ́n pe orúkọ mi láti iwájú. Mọ́mì gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo rò pé ó fẹ́ tì mí dìde ni, ṣùgbọ́n ńṣe ló tẹ̀ mí mọ́ àga. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde.

"Ọmọ mi kí àgbà ni," ó wí. "Tí ìyẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ." Ó jókòó padà.

Láti Monday, kò sẹ́ni tó wá mú mi mọ́. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dá nìkan jókòó nínú basement títí Mọ́mì fi dé. Odidi ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí Dádì tó dé. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ìwé àwòrán tí wọ́n tà fún wa ní Bayon ni mo máa ń ṣí, mo máa ń wá obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Ó rẹ Mọ́mì gan-an lọ́dún méjì yẹn. Kò fi bú mi rí.

Mo ti dàgbà báyìí, ọ́fíìsì kan láàárín ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ tó mi ní Calgary. Bí ẹlòmíràn bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú train, èmi ni mo máa sọ sorry. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn lójú mi, sorry ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí mo fi bi í léèrè. Bí ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn bá rí mi, ojú mi ló máa tì í. Kò nílé, kò níṣẹ́, kò sì gbà fún ogún àgbà.

Ní winter tó kọjá, mo pàdé Mummy Tólú nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní International Avenue, níbi tí wọ́n to iṣu sí. Orí rẹ̀ ti funfun, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn tó ń rajà. Ó wò mí títí.

"Mojí," ó wí, "ó ti pẹ́ o. Ṣé o máa sọ sorry yẹn báyìí, kí ọkàn mi lè balẹ̀?"

Mo dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu tó ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé kọ̀, kò sọ ọ́.

"Mo ti kí yín, mà," mo wí. Mo dìde, mo bá a gbé iṣu rẹ̀ dé ìdí mọ́tò, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mi ò bẹ̀ ẹ́.